Aago awakọ̀ òfurufú tí owó kékeré lè rà: èwo ni ká mú, báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

ỌmọAjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń wá aago ọwọ́ irú èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ológun ń lò láyé ọjọ́un: ojú dúdú, nọ́ńbà funfun gbàgàdà, àmì onígun mẹ́ta lókè. Owó ọwọ́ mi kò ká àwọn tó wọ́n gan-an. Ọrùn ọwọ́ mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, mo sì ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́. Èwo ni kí n rà? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ta ló lè bá mi ṣe okùn awọ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ aago nìkan, ẹ sọ ìdí.

AagoTákíé

Ẹ kú àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní aago ológun lórí àtẹ, kò bá ológun tan rárá.

Èyí tí gbogbo ayé ń fara wé ni B-Uhr ti Jámánì. Ilé iṣẹ́ márùn-ún ló ṣe é fún ọmọ ogun òfurufú wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: A. Lange & Söhne, IWC, Laco, Stowa àti Wempe. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 55, nítorí orí apá aṣọ òtútù ni wọ́n ń so ó mọ́. Orí wáìndì rẹ̀ (kókó ẹ̀gbẹ́ aago tí à ń fi ọwọ́ yí) tóbi kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè dì í mú. Bí wọ́n bá fa orí wáìndì náà jáde, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá á dúró, kí gbogbo àwọn tó fẹ́ gbéra lè mú aago wọn ṣe déédéé lẹ́ẹ̀kan náà. Onígun mẹ́ta tó wà níbi 12, pẹ̀lú ẹ̀kán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wà níbẹ̀ kí ojú lè tètè mọ òkè aago nínú òkùnkùn. Kò sí èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Ojú rẹ̀ pín sí méjì. Type A, ti 1940, nọ́ńbà wákàtí ló yí etí rẹ̀ ká. Type B, ti 1941, ìṣẹ́jú 5 sí 55 ló wà létí, wákàtí wà nínú òrùka kékeré láàárín, torí pé ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ni ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lójú òfurufú ń ṣírò. Bí ẹ bá mú Type B, ọwọ́ kúkúrú ni kí ẹ fi ka òrùka inú, ọwọ́ gígùn fún ti ìta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú á ti mọ́ ọn.

Ní ti ọwọ́ 16: ẹ má ra aago tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44 tàbí 45 nítorí pé ti àtijọ́ tóbi. Ẹ wọn etí aago (àwọn ìwo tí okùn ń so mọ́) láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe fífẹ̀ ojú rẹ̀ nìkan. Bí etí bá yọ kọjá ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọrùn ọwọ́, okùn á máa rọ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, aago á sì máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. 37 sí 40 ló máa bá yín mu.

Àwọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún nìyí:

Seiko SNK809. Fífẹ̀ 37, àlàfo àárín etí 18. Ojú Type B gan-an ni, pẹ̀lú ọjọ́ àti déètì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 7S26, kò lo bátìrì, ìrìn ọwọ́ ló ń wáìndì rẹ̀. Seiko ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí náà tòkunbọ̀ tàbí èyí tó ṣẹ́ kù lọ́jà lẹ ó rí. Àlèébù rẹ̀: mítà 30 péré ni agbára omi rẹ̀, kò ṣe é fi ọwọ́ wáìndì, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ kì í sì í dúró tí ẹ bá fa orí wáìndì.

Citizen BM8180. 37 náà ni, àlàfo 18, mítà 100, ìmọ́lẹ̀ ló ń fún un lágbára. Ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ju ti awakọ̀ òfurufú lọ, nọ́ńbà 13 sí 24 wà nínú. Fún ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, èyí ni mo máa kọ́kọ́ nàka sí.

Laco Augsburg (Type A) àti Aachen (Type B). Ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ márùn-ún yẹn ló ṣe é, ẹ́ńjìnnì Miyota láti Japan ló fi sínú rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó wọ́n bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ mú oní-39, kì í ṣe oní-42. Owó rẹ̀ ju ti méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa o.

Ìyá Ìbejì (Owódé, Ọ̀yọ́)

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ni mo fẹ́ dá sí. Mítà 30 tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago kò túmọ̀ sí pé ẹ lè mú un wọ odò. Omi tó ta sí i díẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Omi tó ń ya láti ẹnu ẹ̀rọ tàbí ìkẹ́tù lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìtasí mọ́. Ọṣẹ ló máa ń ba rọ́bà tó yí ìdérí ẹ̀yìn ká jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí rọ́bà bá ti le, omi á rí àyè wọlé, gíláàsì á máa yọ ìrì nínú lọ́wọ́ àárọ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi gbọ́dọ̀ dé abẹ́ okùn kí àlùwàlá tó pé. Nítorí náà ẹ bọ́ ọ. Ẹ lo irú okùn tó rọrùn láti bọ́, ẹ má sì gbé aago lé etí báfù tàbí orí sìmẹ́ńtì, inú fìlà tàbí àpò ni kó wà. Bí ẹ bá ń wọ awọ, tí omi bá kàn án lójoojúmọ́, inú rẹ̀ á máa rùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Okùn náílọ́nù ni kí ẹ lò ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ fi awọ sílẹ̀ fún òde.

Ẹlẹ́rọKékeré

Òótọ́ ni ìyá wa sọ. Okùn náílọ́nù tó dára jù ni ti ọmọ ogun Bírítéénì, èyí tí wọ́n ń pè ní NATO tàbí G10. Ọdún 1973 ni wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, 20 ni fífẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ 18 wà lọ́jà. Ẹ má ki 20 bọ àlàfo 18, á ká lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa ya. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó kọjá lábẹ́ píìnì méjèèjì (irin tín-ín-rín tó mú okùn mọ́ etí aago): bí píìnì kan bá já, aago ṣì so kọ́ sórí ìkejì. Àlèébù rẹ̀ ni pé ó fi nǹkan bíi mìlímítà 2 kún gíga aago lórí ọwọ́.

Ṣáájú kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí lójú ẹni tó ń tà á.

Ẹ wo ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń lò, ohun yòówù kí wọ́n kọ sójú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 7S26 ń lu 21,600 nígbà ní wákàtí kan, ìyẹn mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ á máa yọ́ lọ ni.

Bí aago bá ní ojú kéékèèké mẹ́ta nínú ojú ńlá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòrán lásán ni, bọ́tìnnì kò so mọ́ nǹkan kan.

Fún Seiko, nọ́ńbà mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, ìkejì ni oṣù: 1 sí 9, lẹ́yìn náà O, N àti D fún oṣù kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 72 jẹ́ ti oṣù kejì ọdún 2007 tàbí 2017. Bí aago mẹ́rin lórí àtẹ kan náà bá ní nọ́ńbà kan náà, ẹ dá a padà, ayédèrú ni gbogbo wọn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ẹ yọjú wò ó. Òdà tó ń tàn gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dọ́gba lórí ọwọ́ aago àti lórí àwọn àmì. Bí ti ọwọ́ bá ń tàn tí ti ojú kò tàn, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn fún àmì ọfà, èyí tí ìjọba Bírítéénì ń tẹ̀ sára ẹrù ológun wọn. Àmì yẹn rọrùn láti fín, kò jẹ́rìí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹ má fi owó kún un nítorí ọfà.

ỌmọAjílété

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí ó bá jẹ́ SNK809 tòkunbọ̀ ni mo rí, tó ń sáré ju bó ti yẹ lọ ńkọ́?

AagoTákíé

Ó dá lórí iye tó fi ń sáré. Ẹ mú un bá aago fóònù mu ní aago méje àárọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́, ẹ tún wò ó ní aago méje ọjọ́ kejì. Irú ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, tó bá yàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 sẹ́yìn sí 40 síwájú lójúmọ́, kò ṣàìsàn. Ìwọ̀n tí Seiko fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún NH35, àbúrò ẹ́ńjìnnì yẹn, nìyẹn. Ẹ lè fi bí ẹ ṣe ń gbé e sílẹ̀ lóru tún un ṣe díẹ̀: ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré bí ojú bá kọ òkè, tí ó máa ń falẹ̀ bí orí wáìndì bá kọ òkè. Ẹ dán ti yín wò, torí pé wọn kì í dọ́gba.

Bí ó bá ń sáré ní ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe jù pé òòfà ló mú un. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin tínrín kan wà tó ká bí ìgbín, tó ń sún síwá sẹ́yìn. Bí òòfà bá wọ̀ ọ́, ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á kúrú, aago á sì sáré. Sípíkà ńlá ilé ìjọsìn àti ti ibi àríyá, ẹnu báàgì tó ń fi òòfà pa ara rẹ̀ dé, àti ẹ̀yìn fóònù ló ń fà á. Ẹ mú kọ́ńpáàsì gidi, ẹ rọra gbé aago sún mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá yí tẹ̀lé aago, ẹ ti rí i.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ òòfà kékeré ni, kò wọ́n. Ẹ gbé aago lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ẹ gbé aago kúrò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jìnnà tó gígùn apá, KÍ Ẹ TÓ fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nígbà tí aago ṣì wà lórí rẹ̀, òòfà tó wà nínú rẹ̀ á tún lé sí i. Nítorí òòfà yìí ni àwọn tó ṣe aago Mark 11 fún ọmọ ogun òfurufú Bírítéénì ní 1948 ṣe fi irin rírọ̀ bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú. Aago olówó kékeré kì í ní ìbora yẹn.

Nǹkan méjì sí i lórí SNK809. Ẹ má yí déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin òru, torí pé eyín tó ń yí déètì ti wọnú iṣẹ́ lásìkò yẹn, ẹ lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ aago sí bíi aago mẹ́fà, kí ẹ tó yí déètì. Bí déètì bá ń yí lọ́sàn-án gangan, ẹ fi wákàtí 12 síwájú. Tí aago bá sì ti kú látàrí pé ẹ kò wọ̀ ọ́, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ má gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń po oògùn.

Ẹlẹ́rọKékeré

Kí n fi èyí kún un: bí 7S26 bá ti gbó pátápátá, rírọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì NH36 máa ń dín owó kù ju títú u palẹ̀ lọ. NH36 ṣe é fi ọwọ́ wáìndì, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sì ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: orí wáìndì SNK809 wà lẹ́bàá 4, kì í ṣe lórí 3. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ra NH36 tí àwo déètì rẹ̀ jẹ́ ti orí wáìndì 3, nọ́ńbà á dojú rú nínú fèrèsé. Kó yọ àwo ọjọ́ àti àwo déètì àtijọ́, kó gbé wọn sórí tuntun. Kó sì gé ọ̀pá orí wáìndì díẹ̀díẹ̀, kó máa fi wọ̀n ọ́n, torí pé èyí tó bá gùn díẹ̀ ṣì ṣe é gé, èyí tó bá kúrú ti bàjẹ́.

Fún àwọn tó bá lọ ra oníbátìrì: ọ̀pọ̀ aago olówó pọ́ọ́kú tó ní ojú Type A tàbí B ló ń lo ẹ́ńjìnnì Miyota 2035, bátìrì rẹ̀ sì ni SR626SW, tí wọ́n tún ń pè ní 377. Lọ́jà, wọ́n máa ń fi AG4 sí i, tí í ṣe LR626. Wọ́n dọ́gba ní ìrísí, 6.8 sí 2.6 mìlímítà, àmọ́ SR ń mú fóltì 1.55 rẹ̀ dúró títí di ìparí, nígbà tí LR ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jo. Omi rẹ̀ ló máa ń jẹ bàbà inú ẹ́ńjìnnì di aláwọ̀ ewé. Ẹ béèrè SR pẹ̀lú ẹnu ara yín. Tí aago bá ti dúró, ẹ yọ bátìrì náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má fi òkú rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí aago lẹ́bàá títì lásìkò ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ lẹ́búlẹ́bú ni, inú òróró ẹ́ńjìnnì ló ń bà lé. Inú yàrá, fèrèsé ní títì, fáànù ní pípa.

AwọAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ okùn awọ ló gbé mi wá. Ọ̀yọ́ ni ẹ wà, ẹ má ra awọ ike láti ibòmíràn. Oníṣẹ́ awọ tó ń ṣe àpò, abẹ̀bẹ̀ àti tìmùtìmù lè ṣe é fún yín, ohun tó kàn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n lé e lọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ aago kéré ju iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lọ. Ẹ gbé aago náà dání lọ pẹ̀lú.

Fún ọwọ́ 16 àti àlàfo 18: apá gígùn 110 mìlímítà, apá kúkúrú 70 láìka irin ìdè. Fífẹ̀ 18 níbi etí aago, kó máa tín lọ sí 16 níbi irin ìdè. Ní ti 18 yẹn, kó gé e ní 17.5, torí pé awọ máa ń wú tó bá mu òógùn.

Awọ ewúrẹ́ ni kó lò. Ìlọ́po kan rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, á máa fà. Kó lẹ méjì pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù oníbàtà, kó fi wọ́n sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kó tó pa wọ́n pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tó bíi 2 mìlímítà. Bí ẹ bá fẹ́ kó nípọn lẹ́bàá aago bíi ti àwọn ará Jámánì, kó ki pẹlẹbẹ awọ màlúù sáàárín ní 40 mìlímítà àkọ́kọ́, kó fá ìparí rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, kó má baà yọ gegele.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí píìnì ń gbà kọjá. Kó fá ẹ̀yìn awọ níbẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó tó ìdajì mìlímítà, kó ká a yí ìṣó 2 mìlímítà, kó lẹ 15 mìlímítà rẹ̀ padà sẹ́yìn, kó rán an nígbà tí ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀, kó tó fà á yọ. Bí kò bá fá a tó, okùn á máa kan ilé aago, kò ní lè tẹ̀ sílẹ̀, á sì máa ti píìnì jáde. Òwú tí wọ́n ti fi ìda oyin pa ni kó fi rán an, ihò òòlu ní mìlímítà 3 síra wọn.

Rífẹ́ẹ̀tì méjì ní apá kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní ìrísí awakọ̀ òfurufú. Kí orí rẹ̀ má ju mìlímítà 5 lọ. Kó kàn án KÍ Ó TÓ lẹ awọ inú, kí ẹ̀yìn rífẹ́ẹ̀tì fara pamọ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ara, á họ ara, bàbà rẹ̀ á sì sọ ọrùn ọwọ́ di aláwọ̀ ewé.

Ihò méje fún irin ìdè, fífẹ̀ 2, àárín wọn 6. Ihò àkọ́kọ́ kó jìnnà tó 30 sí ṣóńṣó.

Ní ti awọ pupa Ọ̀yọ́: ó rẹwà lábẹ́ ojú dúdú, àmọ́ ó máa ń ṣí. Awọ inú, kí wọ́n má kùn ún rárá. Ti ìta, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún léraléra títí pupa kò fi ní lẹ̀ mọ́ aṣọ mọ́, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun. Nígbà ọyẹ́, òrí tó tó ẹyọ ìrẹsì kan péré lẹ ó fi pa á, kó má baà sán. Bí ó bá pọ̀, awọ á dúdú, á sì máa gba eruku.

ỌmọAjílété

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó dà bíi pé BM8180 ni màá mú fún ọjọ́ iṣẹ́. Ṣé kí n máa gbé e sínú oòrùn?

Ìyá Ìbejì (Owódé, Ọ̀yọ́)

Kò gba wàhálà. Wíwọ̀ rẹ̀ jáde nìkan tó. Bí ó bá kún, ó lè lo bíi oṣù mẹ́fà nínú òkùnkùn. Bí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní méjì-méjì, ebi ló ń pa á, ẹ gbé e síbi fèrèsé. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi í sí iwájú ọkọ̀ lábẹ́ gíláàsì. Citizen kìlọ̀ pé kí á má gba agbára sí i níbi tó gbóná tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn ọ̀sán Ọ̀yọ́ sì lè gbóná débẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí apá aṣọ gígùn bò ó lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ bá jọ́ tí kò gbà á mọ́, bátìrì tirẹ̀ kì í ṣe ti ọjà lásán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì tí kì í gba agbára sí i.

Ìṣirò_LAUTECH

Bí ẹnikẹ́ni bá ra irú èyí tó ní òrùka ìṣirò létí, bíi Citizen Nighthawk tàbí Seiko Flightmaster, ó wúlò lójú ọ̀nà wa. Òrùka ìta ni ìjìnnà, ti inú ni ìṣẹ́jú. Ẹ yí iye ìsáré ọkọ̀ lórí ti ìta kó kọjú sí 60 ti inú. Ká ní 70 kìlómítà ní wákàtí kan: 70 kọjú sí 60. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó bíi 105 kìlómítà. Ẹ wá 10.5 lórí ti ìta, ohun tó kọjú sí i ní inú ni 90, ìyẹn wákàtí kan ààbọ̀. Òrùka náà kò ní ẹ̀kán ìdá mẹ́wàá fún yín, 10.5 lè jẹ́ 105 tàbí 1,050, orí yín ni yóò mọ èyí tó bá ọgbọ́n mu.

Ohun kan tí wọ́n ń kọ́ni tí kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: pé kí ẹ kọ ọwọ́ wákàtí sí oòrùn, kí ìlà àárín rẹ̀ àti 12 fi gúúsù hàn yín. Ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n ṣe é fún. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìwọ̀n 8 péré sí àríwá ìlà náà, oòrùn ọ̀sán ń kọjá sókè orí wa gan-an ní oṣù kẹrin àti ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹjọ, láàárín méjèèjì ó wà ní àríwá wa. Aago á darí yín síbi tí kì í ṣe ibẹ̀.

AagoTákíé

Kí ẹni tó bá rí ojúlówó ti àkókò ogun tún gbọ́ èyí. Òdà tó ń tàn lójú àwọn àtijọ́ yẹn, radium ni. Òdà náà lè má tàn mọ́, àmọ́ radium ṣì wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ kì í tán kí ó tó tó 1,600 ọdún. Ẹ má ṣí i, ẹ má họ ojú rẹ̀, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀, torí pé èyí tí a bá fà símú ló ń ṣe ìpalára jù. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e tí wọ́n ní lẹ́tà T nínú òrùka lójú wọn, tritium ni tiwọn, ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín bíi ọdún 12, ìdí nìyẹn tí kò fi tàn mọ́. Aago tuntun tí a ti ń dárúkọ látòkè kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

ỌmọAjílété

Mo ti kọ ìwọ̀n okùn náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n AwọAkẹ̀sán, píìnì wo ni kí n mú wá fún oníṣẹ́ awọ?

AwọAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Oní-18, ìnípọn mìlímítà 1.5 tàbí 1.8, méjì fún lílò àti méjì fún ìpamọ́. Ẹ fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀: kó wọlé, kó tún ta jáde fúnra rẹ̀. Èyí tó bá há, ẹ má gbà á.